Oúnjẹ alẹ́ fún ilé tí gbogbo ènìyàn ti iṣẹ́ dé

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan kọ̀wé sí mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sì máa ń lù kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọlé. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbọ́dọ̀ ti wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Àbúrò ìyá náà obìnrin ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ láti aago mẹ́rin. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá yìí máa ń kọ orúkọ oúnjẹ méje sínú ìwé, á sì ra gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi sè é. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ètò ti dàrú, ẹ̀fọ́ ti ń jẹrà nínú fíríìjì, oúnjẹ tí wọ́n rà níta ni wọ́n á sì tún jẹ. Ọmọ àárín kì í fẹnu kan ewébẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń bá a wọlé ni, "Kí la fẹ́ jẹ?" Ó wá bi mí bí èèyàn ṣe ń ṣètò oúnjẹ alẹ́ tó rọrùn, tó sì ṣara lóore, láìfi gbogbo ọjọ́ ìsinmi sí ilé ìdáná. Ó fi kún un pé, ṣé òótọ́ ni pé jíjẹun ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò dára?

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú wàhálà ọmọ pẹ̀lú.

Ìwé oúnjẹ méje yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ pa tì. Ẹni tó bá kọ orúkọ oúnjẹ méje sílẹ̀ ti yan iṣẹ́ méje fún ara rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló yan iṣẹ́ náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹsẹ̀ ń ro ó ló sì máa ṣe é. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ètò oúnjẹ tí àwọn ìdílé fi ránṣẹ́ sí mi, kò sì sí èyí tí kò dára lójú ìwé nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ni pé oúnjẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ márùn-ún tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ kì í rí bákan náà nínú ilé kankan. Ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín láìfura: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àkọ́bí máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, aago méje sì máa ń kọjá kí ẹ tó gbé e délé, Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ yín máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Síbẹ̀, nínú ètò tí ẹ fi hàn mí, ẹran tó gbọ́dọ̀ wà lórí iná fún wákàtí kan lẹ kọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ọgbọ́n ìdáná tó lè gba irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ là.

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ ọjọ́ márààrún sí i, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ ní sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí ẹ bá bọ́ bàtà títí di ìgbà tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà níwájú àwọn ọmọ. Iye tó jẹ́ òtítọ́ ni kí ẹ kọ o. Bí ẹ bá máa ń wẹ ọmọ kí ẹ tó ráyè fọwọ́ kan ìkòkò, ẹ yọ àkókò ìwẹ̀ kúrò. Bí mo ṣe ka ti yín, ọjọ́ Ajé ní ìṣẹ́jú 40, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ní nǹkan bí 25, Ọjọ́bọ̀ ní 20, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sì lè ní ju 10 lọ. Ẹ wò ó bó ṣe rí: alẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní tí ẹ lè fi dáná gidi. Àwọn mẹ́rin yòókù, ohun tó ti wà nílẹ̀ ni ẹ ó máa kó jọ sínú abọ́, tàbí ohun tí kì í pẹ́ lórí iná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má tíì kọ orúkọ oúnjẹ kankan. Ohun tó ń mú ara dàgbà ni kí ẹ pín fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ Ajé ti adìẹ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ẹ̀wà, Ọjọ́rú ti adìẹ tó kù, Ọjọ́bọ̀ ti ẹyin, ọjọ́ Ẹtì ti ẹja. Ó parí. Bí ó ṣe máa rí lọ́sẹ̀ yìí ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní ó máa sú àwọn ọmọ. Kì í tètè sú ọmọ. Àwa àgbà ni nǹkan ń sú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹyin tí ẹ fi ẹ̀fọ́ dín lọ́sẹ̀ yìí lè di ẹyin sísè nínú ọbẹ̀ tòmátì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ ẹyin náà ló ṣì jẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì kọ́kọ́ wọlé ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rin ọ̀sẹ̀ kan yí ká pẹ̀lú yín, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ gbé e kaná nígbà tí ẹ bá ń ṣe nǹkan mìíràn nínú ilé, torí ẹ̀wà kò nílò kí ẹ dúró tì í. Lórí iná kejì, ẹ se ìkòkò ọbẹ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà kan, kí ó pọ̀ díẹ̀, kí iyọ̀ rẹ̀ má pọ̀, torí inú oúnjẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń lọ. Ẹ fọ kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì, ẹ gé wọn, ẹ kó wọn sínú abọ́ olómorí. Àkókò tí ọwọ́ yín fi máa wà lẹ́nu iṣẹ́ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Ẹ má fi ohunkóhun kún un. Ìdajì ẹ̀wà yẹn, inú fírísà ló ń lọ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ kó adìẹ, ọ̀dùnkún, àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì sínú páànù fífẹ̀ kan tàbí sínú ààrò, kí gbogbo rẹ̀ jinná pa pọ̀. Ìlọ́po méjì adìẹ tí ẹ máa jẹ ni kí ẹ sè. Kí ẹ tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ rárá ni kí ẹ ti yọ ti Ọjọ́rú sọ́tọ̀. Bí ó bá dé orí tábìlì, ó ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ bá ti ibi bọ́ọ̀lù dé, ẹ̀wà ti jinná, ọbẹ̀ ti wà. Ẹ da wọn pọ̀, ẹ gbé wọn kaná títí wọ́n á fi hó, ẹ gé apálá àti kábéèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Ìṣẹ́jú 10 kò ní parí. Ọjọ́rú, ẹ ya adìẹ ọjọ́ Ajé sí wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ tòmátì, ẹ da ewébẹ̀ dídì ẹ̀kún ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ẹ fi pásítà jẹ ẹ́. Ọjọ́bọ̀, ẹyin àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì. Ọjọ́ Ẹtì, ẹja: tútù bí ẹ bá rí i rà, inú agolo bí ẹ kò bá rí i, pẹ̀lú ìrẹsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sè àti ewébẹ̀ yòówù tó bá kù nínú ilé.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé mi ò ní kí ẹ se gbogbo oúnjẹ ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, abọ́ márùn-ún tí wọ́n tò jọ sínú fíríìjì sì máa ń wu ojú. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ilé tó ní ọmọ. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé oúnjẹ sísè kì í dára nínú fíríìjì ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nítorí náà abọ́ Ọjọ́bọ̀ ti wà ní bèbè, ti ọjọ́ Ẹtì sì ti kọjá ààlà. Ìkejì, ìsinmi yín ti tán síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ sè sílẹ̀ ni ohun tó máa ń dùn sí i bó bá sùn mọ́jú: ẹ̀wà, ọbẹ̀ tòmátì, ẹran tó ti jinná rọ̀. Ẹja, ẹyin, ewé tútù àti pásítà, ọjọ́ tí ẹ máa jẹ wọ́n ni kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn kì í pẹ́ jinná, wọn kì í sì í lè dúró pẹ́.

Ní ti pé kí oúnjẹ pé, ẹ kọ̀wé bí ẹni pé ìwọ̀n kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wọ̀n lálaalẹ́. Kò sí. Àwòrán abọ́ tí Yunifásítì Harvard gbé jáde ní ọdún 2011 rọrùn láti fi sọ́kàn: kí ewébẹ̀ àti èso gba ìdajì abọ́, kí ewébẹ̀ pọ̀ ju èso lọ nínú ìdajì yìí, kí ọkà, pàápàá èyí tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ dànù, gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹja, adìẹ, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù. Ọ̀dùnkún kò sí lára ewébẹ̀ nínú ìṣirò yìí o, ọ̀dọ̀ ìrẹsì àti búrẹ́dì ló wà. Ìyẹn ló ń tú ọ̀pọ̀ ilé fó: ìrẹsì, ọ̀dùnkún díndín àti ẹran, wọ́n á ní àwọn ti jẹ ewébẹ̀.

Bí oúnjẹ bá jẹ́ ti inú ìkòkò kan ṣoṣo, tí gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀, ẹ ò lè fi ojú pín in sí mẹ́rin. Ẹ wo orí pátákó tí ẹ ti ń gé nǹkan kí wọ́n tó wọ ìkòkò: kí òkìtì ewébẹ̀ ga tó òkìtì ẹran àti ti ọkà pa pọ̀. Bí kò bá tó, ẹ fi kárọ́ọ̀tì kan sí i. Gbogbo ìwọ̀n tí ẹ nílò nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 10 sókè máa jẹ gíráàmù 400 ewébẹ̀ àti èso, ó kéré tán, lójúmọ́. Ọmọ ọdún 6 sí 9 gíráàmù 350. Ọmọ ọdún 2 sí 5 gíráàmù 250. Ojúmọ́ ni wọ́n wí o, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ nìkan. Bí ọmọ bá jẹ èso láàárọ̀ àti nígbà tó ti ilé ìwé dé, ohun tí alẹ́ ń jẹ ní gbèsè ti kéré. Bákan náà ni fún ọ̀sẹ̀: alẹ́ tí ewébẹ̀ kò tó, ọ̀la ló máa san án. Èmi kì í ṣírò alẹ́ kan ní òun nìkan. Bí ọjọ́ márùn-ún bá ní ẹ̀wà ẹ̀ẹ̀kan, ẹja ẹ̀ẹ̀kan, tí àwọ̀ ewébẹ̀ sì ju mẹ́ta lọ, mo ti fọwọ́ sí i.

Ẹran ńkọ́? Ohun tí ara nílò kéré sí ohun tí a máa ń bù. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí gíráàmù 0.83 èròjà amúaradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 50 fún ẹni tó wọn kílò 60. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6, ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15, ègé adìẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sì ní nǹkan bí 25. Nítorí náà, alẹ́ ẹ̀wà kì í ṣe alẹ́ ìyà. Èròjà amúaradàgbà tí kò tó nínú ìrẹsì àti búrẹ́dì pọ̀ nínú ẹ̀wà, èyí tí kò tó nínú ẹ̀wà sì wà nínú wọn, kò sì pọn dandan kí méjèèjì pàdé nínú abọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ti pàdé láàárín ọjọ́ kan, ó tó. Tòmátì tàbí ọsàn tí ẹ bá fi ti ẹ̀wà á jẹ́ kí ara rí èyí tó pọ̀ sí i gbà nínú èròjà irin tó wà nínú rẹ̀. Tíì ló ń dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó di nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ tútù fẹ́ òróró díẹ̀ kí ara tó lè lo fítámì tó wà nínú wọn. Kí iyọ̀ má sì ju gíráàmù 5 lọ fún àgbàlagbà lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré, pẹ̀lú èyí tó fara sin sínú búrẹ́dì àti èròjà amọ́bẹ̀dùn.

Ẹ̀fọ́ tó ń jẹrà mọ́ yín lọ́wọ́: rírà yín ló pọ̀ jù, ìtò yín kò sì tẹ̀ lé ọjọ́ orí wọn. Ewé tútù tí ẹ lè jẹ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Apálá àti tòmátì tẹ̀ lé e. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti àlùbọ́sà lè dúró dè yín di òpin ọ̀sẹ̀ láìráhùn. Lẹ́yìn wọn, ewébẹ̀ dídì. Ó jọ pé ẹ ń ka ti inú fírísà sí oúnjẹ ọ̀lẹ. Ẹ má kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n bá ti kórè rẹ̀ ni wọ́n máa ń bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, wọ́n á sì jẹ́ kí ó dì, nítorí náà ohun rere inú rẹ̀ kì í kéré sí ti ewé tútù tó ti sùn fún ọjọ́ márùn-ún nínú fíríìjì yín. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti gé e. Fún alẹ́ oníṣẹ́jú 20, mi ò rí ohun tó dára jù ú lọ.

Níwọ̀n bí a ó ti máa jẹ oúnjẹ àná, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ le díẹ̀ níbí. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Ẹ má dúró kí ìkòkò ńlá tutù lórí iná títí di ìgbà tí ẹ ó sùn. Ẹ pín in sínú àwọn abọ́ tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, kí ẹ sì gbé e wọ fíríìjì tí òtútù rẹ̀ kò ju 5°C lọ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó gbóná dé inú, títí èéfín á fi máa yọ lára rẹ̀. Bí ẹ bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ, 74°C. Èyí tí ẹ máa jẹ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ gbé kaná. Adìẹ tó ti dì, inú fíríìjì ni kí ó ti yọ́ láti àná, kì í ṣe orí tábìlì. Ẹ má sì fi omi ṣan adìẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, torí omi tó ń ta pàrà ló ń gbé kòkòrò àrùn dé orí abọ́ àti ewébẹ̀ tó wà nítòsí. Iná ló ń pa kòkòrò náà.

Nǹkan méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Àkọ́kọ́ ni ìrẹsì. Kòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, ó máa ń di bí irúgbìn líle tí kì í kú sínú omi híhó. Bí ìrẹsì sísè bá wà níta pẹ́, irúgbìn náà á hù, á sì tú májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ se ìrẹsì ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìmọ̀ràn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ìrẹsì sísè má lò ju ọjọ́ kan lọ nínú fíríìjì kí ẹ tó gbé e kaná. Ìkejì ni ẹ̀wà pupa ńlá tó dà bíi kíndìnrín. Májèlé wà nínú rẹ̀ nígbà tí kò bá tíì jinná. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi tuntun sè é, kí ó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú 30. Ìkòkò oníná jẹ́jẹ́ tí àwọn kan máa ń gbé kalẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ kì í gbóná tó láti pa májèlé yìí, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ sè é lórí iná gidi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ àárín. Ẹ ní ẹ ti bẹ̀ ẹ́, ẹ ti bá a wí, ẹ ti ṣèlérí bisikíìtì fún un bó bá jẹ kárọ́ọ̀tì. Ẹ dá bisikíìtì dúró lónìí. Ohun tó ń kọ́ ọmọ ni pé kárọ́ọ̀tì jẹ́ ìyà tí wọ́n ń san owó rẹ̀. Ọ̀gá onímọ̀ oúnjẹ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter, pín iṣẹ́ yìí lọ́nà tí mo fara mọ́ pátápátá: òbí ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́, ọmọ ló ń pinnu bóyá òun máa jẹ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ tiyín, ẹ tún ń gba tirẹ̀ ṣe, òun náà sì ń gba tiyín, torí ẹ sọ pé ẹ máa ń se oúnjẹ mìíràn fún un bó bá kọ̀. Má ṣe oúnjẹ kejì ni òfin mi. Àmọ́ kí ohun kan máa wà lórí tábìlì lálaalẹ́ tí ẹ mọ̀ pé ó máa ń jẹ, ì báà jẹ́ búrẹ́dì lásán, kí ebi má bàa pa á.

Ẹ gbé ewébẹ̀ sí ọ̀tọ̀, kí olúkúlùkù bu tirẹ̀. Díẹ̀ bíi ṣíbí kan ni kí ẹ fi sínú abọ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ lè rí oúnjẹ tuntun ní ìgbà 8 sí 15 kí ó tó gbà á lọ́rẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń jáwọ́ kí ó tó di ìgbà karùn-ún. Ẹ dán an wò ní tútù pẹ̀lú. Ọmọ tó kórìíra kárọ́ọ̀tì sísè lè máa he ti tútù jẹ bí ẹ bá gé e tín-ín-rín. Lílọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ tòmátì kò burú, mo máa ń gbà á láyè, ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá rí i rí, kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rí díẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọkọ yín náà, ẹ bá mi kà á sí i létí. "Kí la fẹ́ jẹ?" yẹn, iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń dáhùn rẹ̀ ló ń rántí ohun tó wà nílé, ohun tó fẹ́ bàjẹ́, ẹni tí kì í jẹ kí ni, àti ẹni tó máa pẹ́. Fífọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ dára, kò gba iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́rùn yín. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì di tirẹ̀ pátápátá: òun ni yóò wo ohun tó wà nílé, òun ni yóò ra èyí tó kù, òun ni yóò sè é. Bí ó bá ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiyín, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ètò ọjọ́ márààrún wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, kí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe sì wà lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bíi "gbé omi pásítà kaná", "gbé ẹja láti fírísà sínú fíríìjì láàárọ̀". Àkọ́bí yín ti tó ẹni tó lè gé kábéèjì àti ẹni tó lè fọ ìrẹsì.

Alẹ́ kan máa wà tí gbogbo èyí á fọ́. Ọkọ̀ á bàjẹ́ lọ́nà, ọmọ á ṣàìsàn, tàbí kí ó kàn rẹ̀ yín. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ oúnjẹ ọjọ́ náà kí ọjọ́ náà tó dé. Kí ẹyin, ẹja inú agolo, ewébẹ̀ dídì àti pásítà má tán nílé. Búrẹ́dì, ẹyin díndín, tòmátì gígé àti ọsàn kan lẹ́yìn rẹ̀, oúnjẹ alẹ́ tó pé ni, ẹ wo abọ́ Harvard yẹn kí ẹ sì fi wé e. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra oúnjẹ níta, ẹ rà á láìbá ara yín jà; ẹ kàn gé apálá àti kárọ́ọ̀tì sí i nígbà tí ẹ bá délé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe, torí àwọn ló ń fọ́ ètò yín. Kí àwọn mẹ́ta yòókù máa lọ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Lórí aago mẹ́jọ: kò sí aago kan tí oúnjẹ ń yí padà di ọ̀rá fún ọmọ tara rẹ̀ dá. Bí ohun tí èèyàn jẹ látàárọ̀ ṣe pọ̀ tó àti irú ohun tó jẹ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ọkàn máa ń ta, tí omi kíkan máa ń gòkè sí lọ́fun, ni kí ó jẹ́ kí wákàtí méjì sí mẹ́ta wà láàárín oúnjẹ àti ìgbà tó máa dùbúlẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú nínú àlàyé yín ni aago mẹ́rin. Bisikíìtì àti ohun mímu dídùn ni àwọn ọmọ ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ẹ wá ń retí kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ ní aago mẹ́jọ. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kí ó máa gbé èso àti kárọ́ọ̀tì tútù kalẹ̀ pẹ̀lú ẹyin sísè tàbí ẹ̀pà lílọ̀ lórí búrẹ́dì. Kí ó má fún ọmọ ọdún mẹ́rin ní ẹ̀pà odindi, torí ó lè há a lọ́fun. Kárọ́ọ̀tì tirẹ̀ náà, kí ó rin ín tàbí kí ó gé e tín-ín-rín. Ewébẹ̀ tó bá ti wọlé ní aago mẹ́rin, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ ní alẹ́.

Kí àbíkẹ́yìn jẹun ní aago méje pẹ̀lú ẹni yòówù tó bá wà nílé. Ẹ má dá a dúró nítorí kí gbogbo ilé lè pé, ọjọ́ Àìkú wà fún ìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tí bàbá wọn máa ń pẹ́, ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì dípò kí ẹ dé e mọ́ orí tábìlì. Kí ó gbé e kaná kí ó gbóná dáadáa nígbà tó bá dé.